Ṣé ọ̀nà Taguchi wúlò fún ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ní Abuja?

Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ètò ìdánwò tí Genichi Taguchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, gbé kalẹ̀ ni. Ohun tó ń wá ni ìpòpọ̀ tí agbára búlọ́ọ̀kù kò fi ní máa yí padà, ì báà jẹ́ ìgbà ọyẹ́ tàbí ìgbà òjò. Ẹ ò lè dá ọyẹ́ dúró. Ìpòpọ̀ lẹ lè yí.

Ẹ mú nǹkan mẹ́rin: ìwọ̀n sìmẹ́ńtì sí yanrìn, omi, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ fi ń gbọ̀n, àti iye ọjọ́ tí ẹ fi ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìwọ̀n mẹ́ta, ìdánwò 81 ni. Tábìlì L9, ìyẹn àtẹ Taguchi tó ń yan ìdánwò 9 láti ṣojú gbogbo wọn, sọ ọ́ di 9. Láti fi ṣojú ohun tí ẹ ò lè dá dúró, ẹ ṣe 9 yìí nínú oòrùn àti lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú oríṣi yanrìn méjì: ó di 36.

Ibi tó ti ń tanni jẹ nìyí. Omi tó tó fún ìpòpọ̀ 1:6 (sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́fà) lè má bá 1:8 mu, àmọ́ L9 tí nǹkan mẹ́rin ti kún kò láyè láti fi èyí hàn. Ṣe ni yóò dà á pọ̀ mọ́ ipa nǹkan mìíràn. Tí ẹ bá fura, ẹ fi omi àti sìmẹ́ńtì nìkan sínú ìdánwò 9 náà, yóò hàn. Ẹ má sì gbára lé S/N nìkan, ìyẹn nọ́ńbà kan tó da ìpíndọ́gba agbára pọ̀ mọ́ ìyàtọ̀: ẹ wo ìpíndọ́gba agbára lọ́tọ̀, kí ẹ wo ìyàtọ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀.

Ìpòpọ̀ tó bá borí, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó yí iṣẹ́ padà.