Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín lẹ́yìn tí lymphoma ti lọ

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ ní wọ́n gba CHOP, àpapọ̀ oògùn jẹjẹrẹ (chemo), fún lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, ní nǹkan bí ọdún 6 sẹ́yìn, pé PCV wọn (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) kì í dúró mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, dókítà sì ń sọ pé àfàìmọ̀ kí lymphoma má ti padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún ọkọ mi náà nìyẹn, leukaemia, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, la sì bá níbẹ̀.

Oògùn tó lé lymphoma lọ lè ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìbàjẹ́ ti cyclophosphamide inú CHOP lè lo ọdún 5 sí 10 kó tó fojú hàn, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ máa dín díẹ̀díẹ̀. Ti doxorubicin, tóun náà wà nínú CHOP, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọdún 1 sí 3 ni, ó sì máa ń dé lójijì. Ti Bàbá jọ ti àkọ́kọ́.

Kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ibà àti táífọ́ọ̀dù lọ, ọkọ mi ti mu omi ugwu tó lè kún àgbá. (Ìyá mi ló ń gún un, ta ló fẹ́ ní kí wọ́n sinmi?) Bẹ́ẹ̀ MCV rẹ̀ ti ga nínú èsì àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ tóbi jù. Ẹ wo ti Bàbá. Àìtó B12 tàbí folate náà máa ń fà á, kí wọ́n yẹ ìyẹn wò ná. Bí ìyẹn bá dára, tí platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) àti sẹ́ẹ̀lì funfun tún ń wálẹ̀, ẹ má jókòó.

Ẹ ní kí dókítà ẹ̀jẹ̀ fojú ara rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Lẹ́yìn ìyẹn, mùdùnmúdùn ló kù. Ẹ̀yìn egungun ìbàdí ni wọ́n ti ń fà á. Ó ń dunni, n ò ní purọ́. Fífà yẹn gan-an le ju gígún lọ. Flow cytometry, àyẹ̀wò tó ń dá irú sẹ́ẹ̀lì mọ̀, á sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì lymphoma ló wà níbẹ̀ àbí ti leukaemia, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá. Àyẹ̀wò chromosome, àwọn okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù, kí ìtọ́jú kankan tó bẹ̀rẹ̀. Chromosome 5 tàbí 7 ló sábà máa ń bàjẹ́. Chromosome 7 kan ló pòórá nínú sẹ́ẹ̀lì ọkọ mi, ìyẹn ló mú kí wọ́n tọ́ka sí chemo àtijọ́.

Ìgò heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni wọ́n ń fi ti chromosome sí, kì í ṣe formalin tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, torí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wà láàyè dé yàrá àyẹ̀wò, èyí tó lè wà ní ìlú mìíràn. Bí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí ọjọ́ Ajé, kí sẹ́ẹ̀lì má bàa kú sí òpin ọ̀sẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mú káàdì àtijọ́ Bàbá dání, èyí tí orúkọ oògùn àti iye ìgbà tí wọ́n gbà á wà nínú rẹ̀.