Ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń kú lẹ́nu iṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Mẹkáníìkì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Fìà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 10, á wá kú lójijì. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, pàbó ló já sí. (Olùtọ́jú ọgbà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì náwó kankan mọ́. Ìdérí táǹkì epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ihò tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí eruku bá dí i, epo ò ní lè sàn dé kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì) mọ́. Nígbà tó bá tún kú, ẹ rọra tú ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ tó mí “fíìì”, tó sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Ẹ fọ ihò náà, ó parí.

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú ife ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀: omi òjò lè ti wọ̀ ọ́, epo tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì sì máa ń dí jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Fítà afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Ẹ gbọn ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù.

Ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí ọwọ́ yín tó dé ibi abẹ.