Ṣé ọmọ Ifẹ̀ ni Dele Giwa, oníròyìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa?

Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1947, ṣùgbọ́n ìlú bàbá rẹ̀ ni Ugbekpe-Ekperi, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ààfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Yorùbá tó ń jẹ́, “Délé”, ló ń dá iyàn sílẹ̀ nídìí tábìlì ìwé ìròyìn ní Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní ìwé ìròyìn Daily Times, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn Sunday Concord, kí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986, wọ́n mú àpò ìwé kan wá sílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Bó ṣe ń ṣí i lórí itan rẹ̀, bọ́ǹbù inú rẹ̀ bú gbàù.