Ta ló sọ fún màmá yín pé Ọlọ́run ń bínú sí oògùn?

Ìbéèrè yín rèé ní kúkúrú, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ibi tá a ti ń bọ̀: màmá yín ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn méjèèjì. Ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Wòlíì ní kí wọ́n kó oògùn dànù, kí wọ́n máa mu omi àdúrà, torí pé ẹni tó bá ṣì ń gbé oògùn mì ò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ wá béèrè pé ṣé Ọlọ́run tí wọ́n ní ìfẹ́ ni, ṣé Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ máa ṣe lónìí. Àlàyé Bíbélì lè dúró di alẹ́. Ṣúgà ara kì í dúró de ẹnì kan.

Ẹ mú páálí oògùn àtọ̀gbẹ yẹn, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ glibenclamide tàbí glimepiride, tàbí tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ insulin, ewu ibẹ̀ ń ti ọ̀nà méjì wá. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀, ṣúgà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń lò ó láìjẹun, ṣúgà lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tó ń já wálẹ̀ yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń yọ́ oògùn mì láàárọ̀ kí àwọn ọmọ má bàa bínú, tí wọ́n á sì tún gba ààwẹ̀ gbígbẹ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí wòlíì má bàa bínú. Wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́rùn, ara wọn ló sì ń san owó rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: òógùn tútù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń lù kìkì, ojú tó ń ṣú, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ìbínú òjijì. Ní ilé àdúrà, pàápàá láàárín òru, wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀mí ló gùn ún tàbí pé ọ̀tá ń jáde. Wọ́n á yí ìyá ká, wọ́n á máa pariwo lé e lórí, wọ́n á máa fi agogo gbọ̀n-ọ́n létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n pò sínú omi ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà á ṣe é, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ pé kò ní ṣúgà sí lára. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ojú wọn ò bá tíì là, ẹ tún fún wọn níye kan náà. Tó bá ti là, kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi, torí ṣúgà yẹn ò ní pẹ́ tán. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, tàbí tó ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi ì báà ṣe òróró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀, torí òun kì í dunni. Màmá yín lè já oògùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n máa jó láàárín ìjọ, kí wọ́n máa sọ pé ara àwọn yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yani lẹ́nu. Àwọn oògùn kan máa ń mú kó rẹni tàbí kí ẹsẹ̀ wú, tí wọ́n bá sì ti já a, ìyẹn á lọ. Bí ara ṣe rí kọ́ ni ẹ ó fi mọ̀, àfi kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀ láì lọ́ra, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bó bá ń wà ní 140/90 sókè lemọ́lemọ́, kò tíì lọ. Bó bá dé 180/120, tí orí sì ń fọ́ wọn gan-an, tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí ẹnu wọ́, tàbí tí apá kan ò ní agbára, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìparí ìsọjí. Ẹ tún wò ó bóyá clonidine, atenolol tàbí propranolol wà nínú oògùn wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń já lójijì. Ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè tàbí kí ọkàn máa sáré. Bí dókítà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń dín in kù.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá kù.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ara aláìsàn bá yá, òróró wòlíì ló ṣe é. Bí kò bá yá, ìgbàgbọ́ aláìsàn ló kéré, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò jẹ́wọ́, tàbí ilẹ̀kùn kan ṣí tí ọ̀tá gbà wọlé. Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí ò lè pàdánù láé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn ló ń ru àdánù náà, òun tí kò sì lágbára láti jiyàn. Ohun tí màmá yín á wá mọ̀ nípa Ọlọ́run lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá irú ẹ̀kọ́ báyìí ni pé bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló rí: ó jókòó, ó ń ka àṣìṣe, ó ti mú ìwòsàn lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní fún wọn àfi tí wọ́n bá yege ìdánwò kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ iye máàkì rẹ̀.

Jákọ́bù 5:14 ni wọ́n máa ń kà ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á. Aláìsàn á ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ. Àwọn àgbà á gbàdúrà, wọ́n á fi òróró kùn ún. Àdúrà ìgbàgbọ́ tí ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún wí, ta ló gbà á? Àwọn àgbà ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Jákọ́bù fún aláìsàn nínú ẹsẹ méjèèjì yìí ni pé kó ránṣẹ́. Nítorí náà, bí ìgbàgbọ́ bá dín nínú ìṣirò yẹn, àpò àwọn àgbà ló yẹ ká kọ́kọ́ tú wò. Nínú Máàkù 2, ìgbàgbọ́ àwọn tó dá òrùlé lu ni Jésù rí. Ọkùnrin adágún Bẹtisáídà nínú Jòhánù 5 ti ṣàìsàn fún ọdún 38, ẹsẹ kẹtàlá sì sọ gbangba pé kò tilẹ̀ mọ ẹni tó wo òun sàn. Ìgbàgbọ́ mélòó nìyẹn?

Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn nínú Ìṣe 19, òun kan náà ló kọ̀wé pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn (2 Tímótì 4:20). Kò bú u. Kò ní kó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí inú ń yọ Tímótì lẹ́nu, ọtí wáìnì díẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ní kó máa lò. Ẹni tó sì ń bá a rìn ni Lúùkù, tó pè ní oníṣègùn olùfẹ́.

Wòlíì lè fa 2 Kíróníkà 16:12 yọ, pé Ásà Ọba wá oníṣègùn, ó sì kú. Ẹ bá wọn kà á dópin: ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò wá Olúwa rárá. Hesekáyà wá Olúwa ní tiẹ̀, wòlíì Aísáyà sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (2 Ọba 20:7). Ẹsẹ tó le díẹ̀ ni Máàkù 6:5, níbi tí Jésù ò ti lè ṣe iṣẹ́ agbára ní ìlú rẹ̀. Mi ò ní díbọ́n pé kò sí níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ará ìlú tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ni ẹsẹ náà ń bá wí, ẹsẹ yẹn kan náà ló sì sọ pé ó gbé ọwọ́ lé aláìsàn díẹ̀, ó sì wò wọ́n sàn. Kò sí aláìsàn kan nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wá bá Jésù tó ní kó padà sílé lọ wá ìgbàgbọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ pé Kristẹni tòótọ́ kì í fẹnu kan oògùn ní ìtàn láàárín wa. Nígbà tí àrùn gágá jà ní 1918, àwọn aládùúrà tó kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde fi àdúrà kojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ọ̀yẹ̀, Iléṣà, ní 1930, wọ́n pe àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó yẹn ń lo quinine nítorí ibà. Ìyẹn wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ tí wọ́n fi pínyà, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Mi ò ní bú àwọn bàbá yẹn. Ní 1918, dókítà fúnra rẹ̀ ò ní oògùn tó lè pa àrùn gágá. Àdúrà ò lé nǹkan kan kúrò lórí tábìlì. Ti màmá yín kọ́ nìyẹn. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o dànù.

Ohun tó ń gbé ẹ̀kọ́ yìí ró jù ni ìjẹ́rìí. Ẹni tí ara rẹ̀ yá á gba gbohùngbohùn, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó já oògùn tó sì kú, ta ló máa bá a jẹ́rìí? Bí ẹ bá wà nígbìmọ̀ ìjọ, ẹ bá wọn ṣe òfin kan: kò sí ìjẹ́rìí ìwòsàn láìsí àyẹ̀wò méjì tí wọ́n ṣe ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ já oògùn nítorí ìjẹ́rìí. Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹni tó ń lo oògùn HIV dáadáa, àyẹ̀wò lè má rí kòkòrò náà mọ́. Oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá já a torí pé ó ti jẹ́rìí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kòkòrò sábà máa ń padà. Bákan náà ni ti àwọn tó ń sọ pé irú ẹ̀jẹ̀ àwọn (genotype) kúrò ní AS, ó di AA lẹ́yìn àdúrà. Ibi àyẹ̀wò lè ṣàṣìṣe. Ẹni tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kí ó tó pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni àyẹ̀wò lè máa kà. AS méjì tó bá fẹ́ra lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn sickle cell, ní oyún kọ̀ọ̀kan. Wọn á sì tún pe ọmọ náà ní àbíkú, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Tí ẹ bá ń bá ìjọ lọ kí aláìsàn, ẹ má ju èèyàn mẹ́ta lọ, ẹ má lo ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ gbàdúrà jẹ́jẹ́, ẹ má fi òróró kan ojú egbò. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, ta ló ń san owó oògùn. Ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ méje yẹn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n lanu láti ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run bínú sí wọn, tó ní wọn ò sọ òtítọ́ nípa Òun.

Ní ti wòlíì, ẹ má bá a jà níwájú màmá yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa gbè sí. Ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀, ẹ kí i bó ṣe yẹ, kí ẹ gbé ìwé àti bírò kalẹ̀, kí ẹ ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ oògùn tí Ọlọ́run ní kí màmá já sílẹ̀, kí ẹ kọ déètì, kí ẹ fọwọ́ sí i.” Púpọ̀ nínú wọn á rántí lójú ẹsẹ̀ pé dókítà náà jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda irú ààwẹ̀ míì fún wọn, bíi kí wọ́n yẹra fún ẹran tàbí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa jẹun lákòókò.

Màmá yín gan-an kò nílò àríyànjiyàn. Lálẹ́ yìí, ẹ kó oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ẹ ṣe àmín tó dún, kí ẹ wá bu omi fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́ omi àdúrà, ẹ fún wọn ní omi àdúrà. Bó bá ti jẹ́ omi tó mọ́, kò ní ba oògùn jẹ́.