Èsì: Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní pa kíkan omi kànga yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bébà tí a fi ń yẹ kíkan omi wò (pH) fi 5 hàn nínú omi kànga yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ni pé omi náà kan, nítorí bí nọ́ńbà náà bá ṣe wálẹ̀ sí ju 7 lọ ni omi ṣe ń kan sí; ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ da iyọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á. Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í pa ásíìdì, ìyẹn ohun tó ń mú omi kan. Omi yín á kàn níyọ̀ ni, kíkan rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Irú iyọ̀ tó yòrò sínú omi ló ṣe kókó, torí nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, iyọ̀ ni kán-ún àti álọ́ọ̀mù náà. Kán-ún máa ń pa ásíìdì, nọ́ńbà yẹn á sì gòkè. Òdìkejì ni álọ́ọ̀mù tí à ń fi mú ìdọ̀tí rọlẹ̀: ó máa ń mú kí omi túbọ̀ kan. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ dá a dúró ná, kí ẹ tún omi náà yẹ̀ wò.

Ẹ wo apá Ṣàgámù, níbi tí òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀. Omi tó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sábà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi yín máa gba orí òkúta ẹfun wẹ́wẹ́ kó tó wọ táǹkì. Lórí bébà yẹn, 6.5 sí 8.5 ni ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún omi mímu.