Ìbéèrè láti Kétu: Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ apá kan orúnkún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Ìyá mi, ẹni ọdún 64, ń ta gàrí lọ́jà wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí orúnkún òsì ti ń dà á láàmú, apá inú nìkan, ibi tó kọjú sí orúnkún kejì. A ti fi òróró pa á títí, a ti sin gbẹ́rẹ́ sí i, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Oṣù tó kọjá, oníṣẹ́ abẹ egungun tí a lọ bá ní Kútọnu wo rádíò rẹ̀, ìyẹn àwòrán egungun rẹ̀, ó ní apá kan orúnkún náà lòun máa pààrọ̀, òun ò ní fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ní kí a má gbà, pé bí wọ́n bá ti la ẹsẹ̀ ènìyàn, kí wọ́n kúkú pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú yàrá iṣẹ́ abẹ? Ṣé màmá á sì tún lè kúnlẹ̀? Ó ní bí òun ò bá ní lè kírun, tí òun ò sì ní lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kí a fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn màmá, olùkọ́ wa. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Àwọn tí egungun ń dùn ni mò ń tọ́jú níbí l'Ájàṣẹ́. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ kọ sínú rẹ̀: "apá inú nìkan". Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí màmá dìde dúró, kí ẹ wo ẹsẹ̀ òsì wọn láti iwájú. Ó ṣeé ṣe kó tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga, kí orúnkún ṣẹ́, kí ẹ tún un wò. Bí ẹsẹ̀ bá tọ́ nígbà tí wọ́n jókòó, ẹ ti rí ohun tí dókítà Kútọnu rí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ojú ìpàdé mẹ́ta ló wà nínú orúnkún kan. Egungun itan ní orí méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan ní apá inú, ọ̀kan ní apá òde, àwọn méjèèjì sì jókòó lórí pẹpẹ egungun ojúgun. Ẹ̀kẹta wà níwájú, níbi tí egungun kékeré tó dé orúnkún bí ìdérí ti ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Kerekere funfun, tó ń dán, ló bo gbogbo ojú wọ̀nyí kí egungun má bàa kan egungun. Iṣan méjì kọ ara wọn bí àgbélébùú láàárín orúnkún, iṣan kọ̀ọ̀kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí iṣan àárín ti iwájú bá ṣì le, kì í jẹ́ kí egungun itan sá sẹ́yìn lórí ojúgun. Nítorí náà, iwájú pẹpẹ nìkan ni kerekere ti máa ń jẹ tán; ẹ̀yìn rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Bí màmá bá na ẹsẹ̀, ibi tó ti jẹ ló ń kan ara wọn, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, egungun itan á yí lọ sẹ́yìn, síbi tí kerekere ṣì wà, ẹsẹ̀ á tọ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì jókòó, iṣan ẹ̀gbẹ́ inú ń rí ara nà, kì í sún kì.

Bí ẹ bá lóye èyí, gbogbo iṣẹ́ náà ti yé yín. Iṣan màmá ṣì gùn bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a. Gíga tó ti jẹ lọ láàárín egungun méjì ni oníṣẹ́ abẹ ní láti fi irin àti ike dá padà, kò gbọdọ̀ fi lé, kò gbọdọ̀ dín in. Èmi ò mọ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe lórí egungun tó ń béèrè ìwọ̀n mílímítà bí eléyìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́ ni pé nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ka irú iṣẹ́ yìí, àwọn tí a pààrọ̀ apá kan fún ń padà wá fún iṣẹ́ abẹ kejì ju àwọn tí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ fún lọ. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ apá kejì pẹ̀lú. Ewu kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ dídì àti ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kéré sí i fún àwọn tó ṣe apá kan. Lọ́dún 2019, àwọn oníwàádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìwádìí kan jáde: ènìyàn 528 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjèèjì ní ilé ìwòsàn 27, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún márùn-ún. Bí ìrora ṣe dín kù àti bí wọ́n ṣe ń rìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, owó tí apá kan sì ná wọn kéré sí ti odidi. Bí ó bá wá di dandan lọ́jọ́ iwájú kí a sọ apá kan di odidi, iṣẹ́ yẹn sábà máa ń rọrùn ju títún odidi ṣe lọ, nítorí egungun ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo orúnkún ló yẹ fún un ṣá o. Iṣan àárín gbọ́dọ̀ pé. Kerekere apá òde gbọ́dọ̀ nípọn dáadáa. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé tì padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Kerekere apá inú sì gbọ́dọ̀ ti jẹ tán pátápátá, kí egungun máa ha egungun. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì kù díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dájú pé iṣẹ́ yìí á mú ìrora rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ làkúrègbé tó ń mú gbogbo oríkèé wú pọ̀, tó ń mú ọwọ́ le láàárọ̀, kí a má fi apá kan dán an wò rárá, torí àìsàn náà á jẹ ìyókù. Rádíò tí wọ́n yà nígbà tí màmá dùbúlẹ̀ kò tó. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n yà ní ìdúró, àti èyí tí ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú, tó tì í síta, kí a lè rí bí àyè apá òde ṣe gbòòrò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní màmá sanra jù, òfin àtijọ́ kan ni wọ́n ń rántí: lọ́dún 1989, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ẹni tó bá wúwo ju kílò 82 lọ, tàbí tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, kò yẹ fún un. Èsì tí a ti rí láti ìgbà náà kò fi hàn pé ó yẹ kí ìwọ̀n kílò nìkan dí ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá yẹ lọ́nà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni a sábà máa ń lò. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ á kú, ojú aláìsàn á sì là sílẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn máa ń gbọ́ ìró ayùn, wọ́n á máa ṣe àdúà lọ. Oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan tó ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ọ̀já tí a fi afẹ́fẹ́ kún lókè itan ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìyókù ẹsẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀ létí tábìlì kí a lè máa ṣẹ́ orúnkún bí iṣẹ́ bá ṣe fẹ́.

Ojú ọgbẹ́ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, ní ẹ̀gbẹ́ ìdérí orúnkún lápá inú. A kì í yí ìdérí náà dà, a kì í sì gé iṣan ńlá iwájú itan kọjá, èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè dìde. Wíwò ni mo fi ń ṣáájú gígé. Mo máa ń fi irin kékeré tó tẹ̀ lórí fa iṣan àárín bóyá ó le, màá sì yọjú wo kerekere apá òde. Bí ohun tí mo rí kò bá bá ti rádíò mu, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń yí padà sí odidi orúnkún. Nítorí náà, irin ti apá kan àti ti odidi gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, màmá sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí méjèèjì kí wọ́n tó wọlé. Ẹ bi dókítà yín léèrè èyí.

Lẹ́yìn tí a bá ti gé àwọn egungun wẹ́wẹ́ tó hù létí kúrò, egungun ojúgun ló kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ayùn ń wọ ibẹ̀. Gígé àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iṣan àárín ta gbòǹgbò sí. Ìkejì dùbúlẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn bíi dígírì 7. Irin pẹlẹbẹ kan á dáàbò bo iṣan ẹ̀gbẹ́ inú, torí bí ayùn bá kan iṣan yẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ibí yìí ni mo ti máa ń dá ọwọ́ dúró, tí mo máa ń mí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, níbì kan tó jìnnà síbí, mo rí ìyá kan tí wọ́n ti jẹ́ kí ayùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ó lọ sílé, ó ń rìn dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pẹpẹ ojúgun là sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ègé egungun tí a gé jáde, a kì í sọ ọ́ nù láìwò ó. Mo máa ń gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi han àwọn ọmọ iṣẹ́: iwájú rẹ̀ á ti jẹ, á le, á máa dán bí òkúta odò, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì ní kerekere funfun. Bí a bá rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn wa balẹ̀ pé ẹni tó yẹ la mú wọlé.

Ti egungun itan la wá ń ṣe. A ó fi irin gígùn kan wọ inú mùdùnmúdùn rẹ̀ kí a lè mọ ibi tó kọjú sí, a ó gé ẹ̀yìn orí apá inú, a ó sì fi ẹ̀rọ kan tó ń yí ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní róbótó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwọ̀n. A ń ki àwọn irin pẹlẹbẹ tí nínípọn wọn fi mílímítà kọ̀ọ̀kan ju ara wọn lọ sínú àyè náà, nígbà tí orúnkún ṣẹ́, àti nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án tán. Ká ní irin mílímítà 5 ló bá a mu ní ṣíṣẹ́, tó sì jẹ́ mílímítà 2 ló wọlé ní nínà, a jẹ́ pé mílímítà 3 ló kù tí a ó ha kúrò nísàlẹ̀ egungun itan, kí àyè méjèèjì lè dọ́gba. A kì í fọwọ́ kan iṣan láti mú kó dọ́gba. Bí ó bá fún jù, ẹrù á ṣí lọ sí apá òde, kerekere ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ó bá dẹ̀ jù, ike tó wà láàárín lè yọ kúrò láyè rẹ̀.

Ike yẹn, tó le, tó sì ń yọ̀, máa ń nípọn ní mílímítà 3 sí 9. Ó wà láàárín fìlà irin tí a fi dé egungun itan àti àwo irin tí a tẹ́ sórí ojúgun. Oníṣẹ́ abẹ John Goodfellow àti onímọ̀ ẹ̀rọ John O'Connor, ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú èyí tí ike rẹ̀ ń rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sára ènìyàn. Láti 1982 ni wọ́n ti ń lò ó fún apá kan orúnkún. Irú tí ike rẹ̀ dúró sójú kan náà wà, òun náà sì dára. Sìmẹ́ńtì egungun, tó máa ń le láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni a sábà fi ń lẹ irin mọ́ egungun. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó rán ojú ọgbẹ́.

Kí wọ́n tó lọ rárá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún sin gbẹ́rẹ́ sórí orúnkún yẹn. Ojú gbẹ́rẹ́ tútù jẹ́ ọ̀nà fún kòkòrò, kòkòrò tó bá sì wọ ara irin kì í fẹ́ jáde. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú orúnkún: kí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Kí wọ́n tọ́jú eyín tó ń jẹrà, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ṣúgà. Kí ẹ sì bi oníṣẹ́ abẹ náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe irú èyí tó lọ́dún, torí èsì rẹ̀ máa ń dára jù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é déédéé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n á dìde dúró pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n á yọ òwú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó ń dùn, tàbí tí èémí bá ń há wọn, kí ẹ má dúró de àárọ̀. Kí wọ́n má tíì gun zẹ́mi, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ sọ́jà, ọ̀nà ibẹ̀ ò dára fún ẹsẹ̀ tuntun.

Ó wá ku ti ìkúnlẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ló ń jẹ màmá lọ́kàn jù. Nígbà tí ọgbẹ́ bá ti jinná dáadáa, ìkúnlẹ̀ kì í ba irin náà jẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé awọ ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ máa ń kú tipiri, ó sì máa ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé kì í ṣe ara rẹ̀ ló fi kanlẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá dán an wò. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tí dókítà wọn bá ti gbà, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lórí tìmùtìmù, lẹ́yìn náà lórí ẹní tí a ṣẹ́ po. Bí jíjókòó lé ẹsẹ̀ láàárín ìrun bá ṣì ń nira, ẹ̀sìn gbà wọ́n láàyè láti kírun lórí àga títí ara á fi gbà. Kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, torí ìdìde ló máa ń le ju ìkúnlẹ̀ lọ: kí wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí wọ́n wá fi í dìde.