Kó o tó yan CCR tàbí BCC, lọ wo rẹ́jísítà

Àbúrò, o ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 12 lo kó jọ láàárín Abẹ́òkúta àti Ọ̀dẹ̀dá, oríṣi nǹkan márùn-ún tí wọ́n ń lò, mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe jáde, DEA, ọ̀nà ìṣirò tó ń fi ohun tí ibì kan ń lò wé ohun tó ń ṣe jáde láti mọ ẹni tó ṣíwájú, sì fún 11 nínú wọn ní 1, máàkì tó ga jù. O wá ń béèrè bóyá CCR ló yẹ kó o lò àbí BCC, oríṣi DEA méjì. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tójú èmi rí ná.

Ọgbọ̀n ilé ìwòsàn ni tèmi, nígbà tí èmi náà ń ṣe ìwádìí. Mo gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti tọrọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọ òde ìsìnkú. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo wọ ọ̀kadà láti Láfẹ́nwá lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ náà, gbogbo ẹ̀ gún régé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Gígún régé yẹn gan-an ló tàn mí jẹ.

Mo sanwó fún ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré, ló ṣíwájú gbogbo wọn, pé kí 22 nínú àwọn yòókù lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ dìfẹ́ǹsì, ọjọ́ tí mo gbèjà ìwádìí mi níwájú àwọn olùkọ́, olùkọ́ kan gbójú sókè: “Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ìgbẹ̀bí 540 lọ́dún kan. Ìgbà wo ni wọ́n ń sùn?” Ẹnu mi wọhò.

Mo gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé rẹ́jísítà ìgbẹ̀bí jáde, ìwé gígùn tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, tí wọ́n fi páálí àti báńdéèjì dè. A fi ìka kà á láti oṣù dé oṣù. 54 ni. Ẹnì kan ló fi òdo kan sí i níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo tún ìṣirò náà ṣe: aṣíwájú mi já wá sí 0.61, àwọn tí mo ti bú nínú ìwé sì gòkè.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ká ní aládìrẹ mẹ́ta wà ní Ìtòkú. Ti àkọ́kọ́ ní òṣìṣẹ́ 2, ó ń pa aṣọ 20 láró lọ́sẹ̀. Èkejì ní 4, ó ń pa 32. Ẹ̀kẹta ní 5, ó ń pa 30. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú 10, 8 àti 6 wá, nítorí náà máàkì wọn jẹ́ 1, 0.8 àti 0.6. Bí o bá puró mọ́ ẹni àkọ́kọ́, àwọn méjì yòókù lo bà jẹ́. Nígbà tí nǹkan tí à ń wọ̀n bá pọ̀, linear programming, ìṣirò tó ń wá èyí tó dára jù láàárín ààlà tí a fún un, ló ń bá ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan wá ìwọ̀n (bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe máa wúwo tó nínú máàkì) tó máa gbé e níyì jù, níwọ̀n ìgbà tí ẹlòmíì kò bá ti fi ìwọ̀n kan náà kọjá 1. Bí Charnes, Cooper àti Rhodes, àwọn tí CCR ti gba orúkọ, ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1978 nìyẹn.

Ohun tó ṣe ọ́ nìyẹn. Nǹkan mẹ́sàn-án fún ilé ìwòsàn 12: ó ṣọ̀wọ́n kí ibì kan má rí igun kan tó ti lè ní òun lòún tayọ. Ó yẹ kí iye wọn tó ìlọ́po mẹ́ta àròpọ̀ nǹkan tí o ń wọ̀n, 27 nìyẹn fún ọ. Bí o kò bá lè rí 27, dín in kù sí méjì tí wọ́n ń lò, méjì tí wọ́n ń ṣe. 12 rẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ tó.

Má fi òdo dí ibi tí wọn kò kọ nǹkan sí o. Oṣù tí rẹ́jísítà sọnù kì í ṣe oṣù tí aboyún kankan kò bí. Má sì da ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà ńlá pọ̀ mọ́ àwọn kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni má kọ ọ́ pé ẹni tó gba 1 ń ṣe dáadáa. Kò kàn sí ẹni tó jù ú lọ láàárín àwọn tí o kó jọ ni. Gbogbo wọn lè jọ máa sùn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè rẹ. BCC, ti Banker, Charnes àti Cooper lọ́dún 1984, ń gba ti bí ibì kan ṣe tóbi tó rò, torí náà máàkì ẹ̀ kì í kéré sí ti CCR láéláé. Bí CCR bá fún ọ ní 1 mọ́kànlá, BCC kò lè dín in kù. Ṣe méjèèjì, fi máàkì BCC pín máàkì CCR, wàá rí ibi tó jẹ́ pé títóbi tàbí kíkéré ló ń dà á láàmú. Ìjọba ló sì ń pín òṣìṣẹ́ fún wọn, nítorí náà bi wọ́n léèrè iye iṣẹ́ tó yẹ kó jáde, má bi wọ́n léèrè òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n dín kù.

Solver, irinṣẹ́ ìṣirò inú Excel, tó o ṣe gbogbo èyí. Má sanwó fún ọ̀mọ̀ràn kankan. Fi owó yẹn wọ ọ̀kadà lọ ka rẹ́jísítà.